Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Bàtà Rọ́gbì Tuntun Rọ̀ Kó Tó Bó Yín Lẹ́sẹ̀

Gbogbo ìgbà tí sáà tuntun bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń bi mí ní ìbéèrè yìí: "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà rọ́gbì, ó ń gé mi lẹ́sẹ̀, ìdíje sì ti sún mọ́lé. Kí ni kí n ṣe?" Ìdáhùn mi kì í yí padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ ìdíje ni bàtà náà máa kọ́kọ́ fojú kan koríko. Tí àyè bá wà, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bàtà tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ lè má gbà tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí awọ rẹ̀ nípọn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì le gan-an, lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ti gbé bàtà láti inú páálí rí, mo wọ̀ ọ́ lọ tààrà sí ìdíje. Kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó pé, ìbọ̀sẹ̀ mi tó jẹ́ funfun ti pupa lẹ́yìn. Nígbà tí mo bọ́ ọ, awọ gìgísẹ̀ mi méjèèjì bá a wá. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó tún lè wọ bàtà tó bo gìgísẹ̀. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí.

## Ṣé ó le ni, àbí ó há?

Ẹ yanjú èyí ná kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bàtà tó le máa rọ̀ tí ẹ bá ń wọ̀ ọ́. Bàtà tó kúrú kò ní gùn láéláé, torí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ike ṣe kì í nà. Mo mọ àwọn tó fi oṣù kan gbáko jẹ̀yà lórí bàtà tó yẹ kí wọ́n ti dá padà lọ́jọ́ kejì tí wọ́n rà á.

Ẹ dán an wò ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ. Ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi gbá bọ́ọ̀lù gan-an ni kí ẹ wọ̀ sí i. Ẹ wọ ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ so okùn dé òkè, nítorí ẹsẹ̀ kan sábà máa ń tóbi ju èkejì lọ. Èyí tó tóbi ni kí ẹ fi ṣe ìpinnu. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

- Iwájú: kí àyè tó tó ìlàjì sẹ̀ǹtímítà sí sẹ̀ǹtímítà kan wà láàárín ìka tó gùn jù àti ṣóńṣó bàtà. Ìka tó gùn jù lè má jẹ́ àtàǹpàkò o. Ìka kejì ni fún ọ̀pọ̀ èèyàn.
- Ẹ̀gbẹ́: kí ẹsẹ̀ má ṣe wú kọjá etí ìsàlẹ̀ bàtà.
- Gìgísẹ̀: ẹ dìde lórí ìka ẹsẹ̀. Tí gìgísẹ̀ bá gbéra fẹ́ẹ́rẹ́, kò burú fún bàtà tuntun. Tó bá ń yọ́ lọ yọ́ bọ̀, ó tóbi.
- Abẹ́ ẹsẹ̀: kí ẹ má ṣe mọ ojú ibi tí eyín bàtà kọ̀ọ̀kan (àwọn ṣóńṣó abẹ́ bàtà tó ń di ilẹ̀ mú) wà. Tí ẹ bá lè ka eyín bàtà náà láti abẹ́ ẹsẹ̀ yín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù fún yín.
- Títì: ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, ẹ tẹ orúnkún, kí ẹ tì í bí ìgbà tí ẹ wà nínú scrum, níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ méjèèjì ti máa ń so mọ́ra, tí wọ́n á sì máa ti ara wọn. Tí ìka ẹsẹ̀ bá lọ gbá iwájú bàtà, bàtà yẹn kúrú.

Ẹ̀yin tó ń tì níwájú scrum, ẹ má fojú fo ti ìkẹyìn yẹn. Ibẹ̀ ni èékánná ti ń dúdú. Ní tiyín, ẹ̀yin tó ń sáré lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ bàtà ló ṣe pàtàkì jù, torí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń rọ́ lù nígbà tí ẹ bá yí lójijì.

Tí ẹsẹ̀ bá ń kú, tó ń ṣe yìnrìnyìnrìn, tàbí tí ìka ń ká jọ nínú rẹ̀, ẹ dá bàtà náà padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ jáde kó tó dá yín lójú. Ẹ tọ́jú páálí àti rìsíìtì rẹ̀.

Ohun kan tún wà: awọ gidi, ì báà jẹ́ ti màlúù tàbí ti kangarúù, máa ń fẹ̀ díẹ̀ ní ìbú. Tó bá fún mọ́ yín ní ẹ̀gbẹ́, ó ṣì lè gbà yín. Awọ àtọwọ́dá kì í fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí lẹ́sẹ̀ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́, díẹ̀ ló máa fi yàtọ̀ sí bó ṣe máa rí lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

## Ohun tí ẹ máa nílò

- Ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù, àti ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ kan tí ẹ lè wọ̀ sábẹ́ rẹ̀
- Pílásítà gbọọrọ, irú èyí tí àwọn eléré ìdárayá fi ń di ẹsẹ̀
- Fásílíìnì
- Ìwé ìròyìn àtijọ́
- Ìpara awọ, tó bá jẹ́ awọ gidi ni bàtà náà
- Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yí eyín bàtà, tó bá jẹ́ eyín tó ṣeé yọ
- Bàtà yín àtijọ́. Ẹ má tíì jù ú nù.

## Ìgbésẹ̀ láti ilé dé pápá

1. Ẹ fi ọwọ́ dẹ̀ ẹ́ (ọjọ́ 1). Ẹ di gìgísẹ̀ bàtà mú ní ọwọ́ kan, ẹ di iwájú rẹ̀ mú ní ìkejì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kí ẹ sì jẹ́ kó padà, bí ìgbà 20. Ojú ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń rìn ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣẹ́ ẹ ní àárín. Wọ́n ṣe ibẹ̀ kó le ni, kó lè gbé ẹsẹ̀ ró. Ẹ wá fi àtàǹpàkò ọwọ́ ra etí ẹ̀yìn bàtà, láti ọ̀tún sí òsì, títí ẹ ó fi mọ̀ pé ó ń gbọ́.

2. Ẹ wọ̀ ọ́ nínú ilé (ọjọ́ 1 sí 3). Ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹní tó nípọn. Ẹ ṣọ́ra fún táìlì! Eyín bàtà lórí táìlì ń yọ̀ bí ọṣẹ, ọ̀pọ̀ ló sì ti ṣubú síbẹ̀. Ẹ rìn, ẹ lóṣòó, ẹ dìde lórí ìka ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá bọ́ ọ, ẹ wo ẹsẹ̀ yín dáadáa níbi tí iná tàn sí. Ẹ máa rí ojú ibi tó pọ́n. Tí pípọ́n náà bá lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sí wàhálà. Tó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìlàjì wákàtí, ibẹ̀ ni ìléròrò máa ti yọ. Ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀, kí ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn kí ẹ tó tún wọ bàtà náà.

3. Ẹ fi kún àkókò (ọjọ́ 4 àti 5). Ìṣẹ́jú 30 sí 40 nínú ilé. Tó bá jẹ́ awọ gidi, ẹ lè ti ìbọ̀sẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ fún un títí kò fi ní kán mọ́, kí ẹ wá wọ̀ ọ́ sínú bàtà fún bí ìṣẹ́jú 20. Ọ̀rinrin náà máa ń jẹ́ kí awọ gba ìrísí ẹsẹ̀. Tí ẹ bá bọ́ ọ tán, ẹ ki ìwé ìròyìn sínú bàtà, kí ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Tí ó bá gbẹ, ẹ fi ìpara awọ díẹ̀ ra á. Díẹ̀ ni mo wí. Tó bá pọ̀ jù, awọ á rọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, kò sì ní di ẹsẹ̀ mú mọ́. Ẹ má ṣe èyí fún awọ àtọwọ́dá, kò wúlò fún un.

4. Ẹ rìn lórí koríko (ọjọ́ 6 àti 7). Ìrìn lásán, ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ẹ gbé bàtà náà lọ́wọ́ dé etí pápá, ẹ má wọ̀ ọ́ rìn lórí kóńkéré tàbí ọ̀dà. Kóńkéré ń jẹ eyín bàtà, ó sì ń ti eyín náà sókè mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ yín, torí kò sí ilẹ̀ rírọ̀ tó máa gbé e mì.

5. Ẹ sá eré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ (ọjọ́ 8). Ìṣẹ́jú 10 sí 15. Tí ara bá ti yá, ẹ sá eré kíkankíkan ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ yí sí ọ̀tún àti sí òsì. Yíyí yẹn ló máa fi ohun tí ìrìn kò fi hàn hàn yín.

6. Ìdánrawò àkọ́kọ́. Ẹ wọ bàtà tuntun fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 àkọ́kọ́, kí ẹ wá bọ́ ọ, kí ẹ wọ ti àtijọ́ parí ìyókù. Ẹ bọ́ ọ bí kò tilẹ̀ dùn yín. Ẹ ti sọ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá yín ṣáájú, kó má bàa rò pé ẹ fẹ́ sá fún iṣẹ́ ni.

7. Ìdánrawò kejì àti ìkẹta. Ìlàjì rẹ̀ nínú ìkejì, gbogbo rẹ̀ nínú ìkẹta. Ẹ má tíì ṣe scrum, ẹ má sì tíì fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, títí di ìgbà ìkẹta. Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù sí òpó gbọ́dọ̀ gbá a dáadáa pẹ̀lú bàtà náà kó tó dé ìdíje, torí awọ tuntun ń yí bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kúrò lẹ́sẹ̀ padà.

8. Ìdíje. Tí ẹ bá ti lo ìdánrawò kan gbáko láìsí ibi kankan tó gbóná, bàtà ti mọ ẹsẹ̀ yín.

Òfin kan wà tó ju gbogbo ìgbésẹ̀ yìí lọ: ibikíbi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí gbóná lẹ́sẹ̀ yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Kí ìléròrò tó yọ, ó máa ń kọ́kọ́ gbóná. Tí ẹ bá bọ́ bàtà nígbà yẹn, ọ̀la ẹ lè tẹ̀síwájú. Tí ẹ bá ní "ẹ jẹ́ n parí èyí ná", ẹ ti pàdánù ọjọ́ márùn-ún.

## Gìgísẹ̀ ni ìṣòro wà

Tí ẹni mẹ́wàá bá ké sí mi nítorí bàtà tuntun, ti gìgísẹ̀ ni púpọ̀ wọn ń sọ. Ohun tó fà á ni pé ike líle kan wà nínú ẹ̀yìn bàtà tó ń di gìgísẹ̀ mú. Bí ẹ bá ń sáré, egungun ń lọ sókè sódò nínú, ṣùgbọ́n awọ ara lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ bàtà. Awọ ara ni wọ́n ń fà síhìn-ín sọ́hùn-ún láàárín wọn. Òógùn wá ń mú kó rọ̀, rírọ̀ ń mú kó bó.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí ẹ gbógun tì: kí ẹsẹ̀ má rìn nínú bàtà, kí ó má tutù, kí awọ má lẹ̀.

- Okùn tó mú gìgísẹ̀ dúró. Tí bàtà yín bá ní ihò kan tó kù lókè tí ẹ kì í lò, ẹ ti okùn ọ̀tún bọ ihò òkè ní ọ̀tún yẹn kan náà kó di òrùka kékeré. Ẹ ṣe ti òsì bákan náà. Ẹ wá ti okùn ọ̀tún bọ òrùka òsì, ti òsì bọ òrùka ọ̀tún, kí ẹ fà wọ́n wálẹ̀ kí ẹ tó so. Ẹ máa gbọ́ ọ lára pé gìgísẹ̀ jókòó sẹ́yìn.
- Ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ lábẹ́. Ìbọ̀sẹ̀ á máa yọ́ lórí ìbọ̀sẹ̀ dípò kó máa yọ́ lórí awọ ara. Ṣùgbọ́n tí bàtà kò bá ní àyè rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.
- Pílásítà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ tó gbẹ, kí ẹ gé igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó yí roboto kó má bàa ká, kí ẹ sì fọwọ́ rà á kó má sí ibi tó ṣúnkì. Ibi tó ṣúnkì gan-an máa di ọgbẹ́.
- Fásílíìnì. Ẹ fi fẹ́ẹ́rẹ́ ra gìgísẹ̀ àti àárín ìka ẹsẹ̀. Ẹ má lo pílásítà àti fásílíìnì lójú kan náà, torí pílásítà kò ní lẹ̀.

Tó bá jẹ́ òkè ẹsẹ̀ ló ń dùn yín, níbi tí okùn ti tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi okùn rékọjá ara wọn lójú ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí okùn kọ̀ọ̀kan gun òkè tààrà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, kí ẹ tó tún fi wọ́n rékọjá lókè. Ìrọ̀rùn rẹ̀ máa ń yá.

## Eyín bàtà

Eyín onírin tó ṣeé yọ máa ń tú nínú bàtà tuntun. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ mú un le kí ẹ tó wọ̀ ọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ẹ tún mú un le lẹ́yìn ìdánrawò àkọ́kọ́. Fásílíìnì díẹ̀ lára ìdè rẹ̀ kò ní jẹ́ kó dípẹtà mọ́ inú bàtà. Ẹ fi ìka yẹ etí eyín kọ̀ọ̀kan wò. Òfin rọ́gbì kò fàyè gba eyín tó mú, rẹfirí sì lè ní kí ẹ lọ pààrọ̀ bàtà kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀.

Tí pápá àtọwọ́dá bá ni ẹ ń lò, eyín rọ́bà tàbí ike tó lẹ̀ mọ́ bàtà ni kí ẹ rà. Pápá bẹ́ẹ̀ ń gbóná, ó sì ń di bàtà mú ju koríko lọ, nítorí náà ẹsẹ̀ máa ń tètè bó lórí rẹ̀. Ẹ dín àkókò ìgbésẹ̀ 4 dé 6 kù sí ìlàjì.

## Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

- Omi híhó, ààrò, máíkírówéèfù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun. Gọ́ọ̀mù tó so ìsàlẹ̀ mọ́ òkè bàtà máa yọ́. Mo ti rí bàtà tí ẹnu rẹ̀ là níwájú ní ọjọ́ kejì tí olówó rẹ̀ rì í bọ omi híhó.
- Kí ẹ gbé e sínú oòrùn kíkan kó lè tètè gbẹ. Awọ á gan, á sì sán.
- Kí ẹ tẹ ẹ̀yìn bàtà mọ́lẹ̀ bíi sílípáàsì. Tí ike inú rẹ̀ bá ti ṣẹ́, kò ní mú gìgísẹ̀ dúró mọ́ títí ayé rẹ̀.
- Kí ẹ yá ẹlòmíràn kó bá yín dẹ̀ ẹ́. Ìrísí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni bàtà máa gbà.
- Kí ẹ gbé e sínú fírísà pẹ̀lú ọ̀rá omi. Yìnyín á fi agbára ya ojú rírán àti gọ́ọ̀mù. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe é.

## Tí ọjọ́ bá ti kù díẹ̀

Tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ fi bàtà àtijọ́ gbá ìdíje yẹn. Mo mọ̀ pé bàtà tuntun ń wu èèyàn, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 80 gùn fún ẹsẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Tí ti àtijọ́ kò bá sí mọ́, ẹ ṣe ìgbésẹ̀ 1 àti 2 lójúmọ́ kan, ìkẹrin àti ìkarùn-ún lọ́jọ́ kejì, kí ẹ sinmi lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ di gìgísẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú pílásítà, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ sábẹ́ tí àyè bá wà, kí ẹ sì mú ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ mìíràn dání fún àkókò ìsinmi.

Tó bá jẹ́ ìbú nìkan ló há, tó sì jẹ́ awọ gidi, aránbàtà tó ní igi ìfẹ̀ lè bá yín fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní alẹ́ kan. Kò lè fi kún gígùn rẹ̀.

## Tí ẹsẹ̀ bá ti bó

Ìléròrò tí kò tíì bẹ́, ẹ má fọwọ́ bẹ́ ẹ. Kò sí báńdéèjì tó dà bí awọ tó bò ó. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ fi pílásítà rírọ̀ bò ó. Tó bá ti bẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ má ya awọ tó kù dànù; ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ padà sórí egbò, ẹ bò ó, kí ẹ máa pààrọ̀ ohun tí ẹ fi bò ó lójoojúmọ́. Ẹ má wọ bàtà tuntun náà títí ibẹ̀ ó fi jinná.

Ẹ lọ rí dókítà tí ibẹ̀ bá ń wú sí i, tó ń gbóná, tó ń ṣọyún, tí ìlà pupa bá ń gòkè láti ibẹ̀, tàbí tí ibà bá dé. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dúró de gbogbo ìyẹn. Egbò kékeré lẹ́sẹ̀ ti tó láti mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ní ti èékánná, ẹ gé e tààrà, kó kúrú, ní bí ọjọ́ méjì ṣáájú ìdíje. Tó bá dúdú, ẹ tún bàtà yẹ̀ wò: ó lè kúrú, ó sì lè tóbi débi pé ẹsẹ̀ ń yọ́ lọ gbá iwájú rẹ̀.

## Bàtà ọmọdé

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra èyí tó tóbi pé ọmọ máa dàgbà bá a. Ẹsẹ̀ tó ń yọ́ nínú bàtà máa bó bíi ti ẹsẹ̀ tó há, ó sì lè yí ọrùn ẹsẹ̀. Àyè sẹ̀ǹtímítà kan níwájú ti tó. Ẹ máa fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, torí ọmọ kì í sábà sọ pé bàtà ti kéré. Ó kàn máa bẹ̀rẹ̀ sí sá fún ìdánrawò ni.

## Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́

1. Ẹ tú okùn dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bọ́ ọ. Ẹ má fi ẹsẹ̀ kan tẹ gìgísẹ̀ èkejì láti fà á yọ.
2. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi tútù nu ẹrẹ̀ kúrò. Ẹ má rì í bọ omi.
3. Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ síta kó gbẹ lọ́tọ̀, tó bá ṣeé yọ.
4. Ẹ ki ìwé ìròyìn sínú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, torí ìwé tó ti tutù kò fa omi mọ́.
5. Ẹ gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́, kúrò nítòsí iná, fún ọjọ́ kan. Tí inú rẹ̀ bá ṣì tutù lọ́jọ́ kejì, ti àtijọ́ ni kí ẹ wọ̀ lọ sí ìdánrawò.